Bí ọkùnrin oníṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe lè sọ aṣọ rẹ̀ di tuntun: ìtọ́sọ́nà láti ìsọ̀ aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Lọ́yà kan gbé báàgì ńlá méjì wọ ìsọ̀ mi nítòsí Fọlágbadé, ó sì da ohun tó wà nínú wọn sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Kóòtù mẹ́fà, ṣòkòtò mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra gbogbo èyí. Ìgbà wọn ti kọjá. Mo fẹ́ ra òmíì." Mo mú ṣòkòtò kan, mo yí i sódì, mo fi ìka tọ́ ojú ìrán ìdí rẹ̀. Aṣọ tó tó íǹṣì kan àti ààbọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ká pamọ́. Aláwáǹsì là ń pè é nínú iṣẹ́ wa: ẹni tó rán an ló fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí ara bá sanra. Nínú ṣòkòtò mẹ́sàn-án yẹn, márùn-ún ló jáde nínú ìsọ̀ mi tí ó sì ń wọ̀ wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ títí dòní, owó tó san kò sì tó owó ṣòkòtò tuntun méjì.

Èyí ló jẹ́ kí n kọ ohun tí mo ń kọ yìí. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí aṣọ òun bá ìgbà mu máa ń ronú ọjà kó tó ronú ohun tó wà nílé. Ó yẹ kí ó rí òdìkejì rẹ̀.

Kí ló yí padà nígboro? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ tó fún pinpin ló gbòde: ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan tí kò sì dé ọrùn ẹsẹ̀, kóòtù kúkúrú tí bọ́tìnì rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ní báyìí, aṣọ ti tú sílẹ̀. Ṣòkòtò ti fẹ̀ sí i, ìgbànú ti gòkè sún mọ́ ìdodo, pílíìtì, ìyẹn ibi tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ po, ti padà síwájú ṣòkòtò, èjìká kóòtù ti rọ̀, kò sì ní fóòmù mọ́. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ kòkó àti àwọ̀ ewé gbígbẹ ti gba ibi tí dúdú nìkan wà tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, nítorí pé ooru ilẹ̀ wa kò bá aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ́ rárá. Àwọn baba wa tó ń wọ bùbá àti kẹ̀ǹbẹ̀ mọ̀ pé atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà láàárín aṣọ àti ara. Ohun tí àwọn onísọ̀ aṣọ ní ìlú òyìnbó wá ń tà báyìí kò ṣàjèjì sí wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta, kí ẹ wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, lójúmọmọ, lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná, nítorí pé kóòtù tó ti ṣá di eérú lè máa dúdú minimini lábẹ́ gílóòbù. Ẹ má kàn gbé aṣọ sókè lórí hángà kí ẹ ní ó ṣì dára. Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Ẹ jókòó nínú rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ mú fáìlì lórí pẹpẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà.

Bí àpò ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò bá ṣí sílẹ̀ bí etí, ìdí ló fún. Bí aṣọ bá ń ká jọ ní ìlà-ìlà lórí itan nígbà tí ẹ bá dìde dúró, itan ló fún. Bí bọ́tìnì kóòtù bá fa aṣọ jọ tí ìlà méjì fi kọjá ara wọn lórí ikùn, ikùn ló fún. Gbogbo èyí ló ṣeé tún ṣe bí aláwáǹsì bá wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò rọrùn ni èjìká. Ojú ìrán èjìká kóòtù gbọ́dọ̀ parí síbi tí egungun èjìká yín parí sí. Bí ó bá kọjá ibẹ̀ lọ sórí apá, tàbí tí kò dé ibẹ̀, ẹ fún àbúrò tó bá bá mu. Títú èjìká kóòtù tún rán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ rírán òmíràn, aránṣọ tó bá sì sọ fún yín pé òun á ṣe é ní wákàtí kan kò sọ òótọ́.

Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó bá yín mu, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Aṣọ tó bá ti pé Iléyá méjì tí ẹ kò wọ̀ ọ́, tí kì í sì í ṣe aṣọ ìrántí, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe

Iṣẹ́ kò dọ́gba, aṣọ wọn kò sì lè dọ́gba. Lọ́yà kò ní ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́ dúdú àti funfun nílé ẹjọ́. Ohun tó lè tún ṣe kò ju bí aṣọ náà ṣe bá a mu lọ. Dókítà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Ṣàgámù kò nílò ọwọ́ gígùn àti táì tó ń kan aláìsàn lára; ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ kúkúrú tó balẹ̀ dáadáa àti ṣòkòtò tó fẹ̀ níwọ̀nba ló yẹ ẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ní òmìnira jù wọ́n lọ, òun ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn láti gbìyànjú kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì ní ọjọ́ mẹ́rin fún aṣọ òyìnbó àti Jímọ́ọ̀ fún aṣọ ìbílẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tiyín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹni tó ń wọ kóòtù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò nílò kóòtù márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣòkòtò ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe

Bí owó bá tó ohun kan péré, ẹ ná an sórí ṣòkòtò, torí òun ló ń tú àṣírí ìgbà tí wọ́n rán aṣọ. Ẹ tẹ́ èyí tí ẹ ní sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi téèpù wọn ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì mẹ́fà tàbí mẹ́fà àti ààbọ̀, ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Íǹṣì mẹ́jọ ló bá ọ́fíìsì mu báyìí fún ọkùnrin tí kò sanra jù. Ẹni tó ga tàbí tó nítan lè dé mẹ́jọ àti ààbọ̀. Èyí tó ju mẹ́sàn-án lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí páátì.

Ẹ yí ṣòkòtò náà sódì bí mo ṣe ṣe fún lọ́yà yẹn. Ìdí ló sábà máa ń ní aláwáǹsì tó pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ itan kì í ní tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ṣeé tú sílẹ̀ tó íǹṣì kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí itan kò bá ní ohunkóhun nínú, aránṣọ kò lè fi ẹnu dá aṣọ; ẹ má fipá mú un.

Fún èyí tí ẹ bá máa rán tuntun, ẹ ní kí ó gbé ìgbànú rẹ̀ gòkè sún mọ́ ìdodo. Ẹni tó bá níkùn díẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí. Ṣòkòtò tó wà lábẹ́ ikùn máa ń jẹ́ kí ikùn tì jáde, ẹ ó sì máa fà á sókè látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ ní kí ó fi pílíìtì kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níwájú. Òun ló ń fún itan láyè nígbà tí ẹ bá jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí yóò sì padà pa ẹnu dé nígbà tí ẹ bá dìde. Gígùn rẹ̀: ẹnu ṣòkòtò kan ojú bàtà, ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré níwájú. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n yín.

Àwọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eérú, búlúù tó jinlẹ̀, àti àwọ̀ kòkó. Mẹ́ta tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kóòtù

Ẹ kọ́kọ́ mú sísọ́ọ̀sì kékeré. Ẹ wo ẹ̀yìn kóòtù yín, níbi tí wọ́n là á sí nísàlẹ̀: bí òwú funfun tó ṣe àgbélébùú bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gé e kúrò. Ẹ wo ọwọ́ kóòtù: bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣì wà lórí rẹ̀ níta, ẹ tú u. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí kóòtù má bàa ṣẹ́ po lójú ọ̀nà, kí ẹni tó ń tà á sì lè mọ èyí tó ń tà. Mo ti rí ọkùnrin pàtàkì tó fi òwú yẹn jókòó síwájú níbi ìsìnkú, ó dùn mí pé kò sí ẹni tó sọ fún un nílé.

Láínììnì tó ń dán tó wà nínú kóòtù ló ń mú ooru jù. Aránṣọ tó mọṣẹ́ lè tú ti ẹ̀yìn kúrò láti agbedeméjì sísàlẹ̀, kí ó fi ti ọwọ́ àti ti èjìká sílẹ̀ kó lè máa yọ̀ wọlé, kí ó sì wé ojú ìrán tó hàn síta. Èmi náà wọ irú rẹ̀ láti ìsọ̀ dé Ìbàdàn Gáréèjì ní ọ̀sán gangan, mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ kóòtù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdajì íǹṣì ṣẹ́ẹ̀tì yọ jáde. Bọ́tìnì ìsàlẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń dè. Kóòtù olójú bọ́tìnì méjì-méjì tí wọ́n ń dì léra ti padà sígboro, ó sì máa ń yẹ ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ ò lè ṣí i sílẹ̀ nínú ooru láìjẹ́ pé ó ń mi dìẹ̀-dìẹ̀, nítorí náà mi ò ní í fi ṣe kóòtù àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí.

Ṣẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Funfun méjì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kọ́là tó gba ìka méjì lẹ́yìn tí ẹ bá dè é. Fún ọjọ́ tí kò sí ìpàdé, pólò tí wọ́n hun, tó ní kọ́là, lábẹ́ kóòtù rírọ̀ ń lò dáadáa báyìí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ ti ṣá létí, aránṣọ lè tú kọ́là yẹn, kó yí i pa dà, kó sì tún un rán. Àwọn àgbà aránṣọ ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: aṣọ Jímọ́ọ̀, àti ẹrù Ojúde Ọba tó wà nínú àpótí

Ibí ni ọmọ Ìjẹ̀bú ti lówó ju bó ṣe rò lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, máa ń yan aṣọ tirẹ̀ láti fi lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, níbi ọdún Ojúde Ọba. Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti ní agbádá mẹ́wàá tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Owó ńlá ló sùn sínú àpótí yẹn. Ní 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn èèyàn gbé fóònù wá bá mi pé kí n rán irú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé agbádá ọjọ́ ẹṣin kì í ṣe aṣọ ọ́fíìsì, kí wọ́n lọ gbé èyí tí wọ́n ní nílé wá.

Ohun tí à ń ṣe sí i nìyí. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò máa ń jẹ nǹkan bíi yáàdì mẹ́wàá lápapọ̀, agbádá nìkan sì ń jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Káfítáànì tí àwọn èèyàn ń pè ní sẹ́nétọ̀ kò jẹ ju yáàdì mẹ́rin lọ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ agbádá náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalasa. Àyà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kì í dí tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó ti gé iwájú àti ẹ̀yìn káfítáànì, apá rẹ̀ méjèèjì ni ẹ ó ti gé ọwọ́. Kí aránṣọ ṣọ́ bí ọ̀nà aṣọ ṣe dojú kọ, pàápàá gíní, aṣọ tó máa ń dán, nítorí pé bí iwájú bá dojú kọ òkè tí ọwọ́ dojú kọ ìsàlẹ̀, oòrùn yóò tú u fó: ọ̀kan á máa dán, èkejì á ṣókùnkùn. Ṣòkòtò rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Aṣọ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ti jáde láìra yáàdì kan.

Fún títún rán, àṣà tó lòde ni kí káfítáànì dé orúnkún tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀, kí òwú iṣẹ́ ọnà jọ àwọ̀ aṣọ, kí ó má pọ̀. Ìlà kan láti ọrùn dé àyà tó. Aṣọ òkè díẹ̀ lẹ́nu àpò tàbí ní ọrùn ń yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí agbádá yín bá jẹ́ aṣọ òkè fúnra rẹ̀, ẹ má gé e bí ẹni gé gíní. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó so ó pọ̀, ibi tí ẹ bá gé á máa tú. Ẹ ní kí aránṣọ fi máṣíìnì tẹ ojú ibi tó fẹ́ gé kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Sányán ìran, èyí tí bàbá bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ má gé e rárá. Aṣọ Ọlọ́nà tí àwọn ìyá wa ń hun ní Ìjẹ̀bú náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ẹnu àpò. Aṣọ oyè ni, ẹgbẹ́ Òṣùgbó, ti àwọn àgbà ìlú, ló ni ín, mo sì ti kọ̀ fún oníbàárà méjì tó gbé e wá.

Fìlà: abetí ajá fún òde, gọ̀bì fún ọ́fíìsì. Fìlà irú èyí tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ máa ń dé náà ń bá káfítáànì tí kò níṣẹ́ púpọ̀ mu gan-an. Ẹ wọn orí yín yíká lókè etí kí wọ́n tó rán an. Fìlà tó bá fi ìlà pupa síwájú orí ti fún jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ

Ọjà Òkè-Àjè tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Balógun l'Ékòó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba ojú tó là. Ibẹ̀ ni mo ti ra línẹ́ẹ̀nì yáàdì márùn-ún lọ́dún kan, ẹni tó tà á fún mi búra pé ògidì ni, pé kò ní í súnkì. Mo gbà á gbọ́, mi ò rẹ ẹ́ sómi, mo rán an fún olùkọ́ kan. Lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè ju íǹṣì kan lọ, ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ra aṣọ míì, mo rán an lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sùn lóru yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwú tàbí línẹ́ẹ̀nì tó wọ ìsọ̀ mi tí mi ò rẹ sínú omi mọ́jú, kí n sá a, kí n lọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ yín bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti mọ ohun tí ẹ ń rà, ẹ fa òwú díẹ̀ létí aṣọ, ẹ tan ìṣáná sí i níta. Òwú àti línẹ́ẹ̀nì á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á fọ́ lẹ́lẹ́ láàárín ìka. Pólísítà á yọ́, á di kóró líle kan. Irun àgùntàn á rùn bí irun tó jó. Pólísítà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ má san owó òwú lé e lórí, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lóṣù kẹta nígbà tí ooru mú.

Kóòtù òkìrìkà tí a fi irun àgùntàn ṣe lè dára ju tuntun pólísítà lọ. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ àti ìgbúnwọ́ rẹ̀ sókè sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà á kọjá, ó ti gbó. Ẹ gbóòórùn abíyá rẹ̀. Ẹ wá ihò kòkòrò. Lẹ́yìn náà ẹ wo èjìká, torí òun la kò lè tún ṣe.

Bàtà: dúdú olókùn kan, aláwọ̀ ilẹ̀ aláìlókùn kan, sálúbàtà aláwọ kan fún aṣọ ìbílẹ̀. Ìgbànú bá bàtà dọ́gba ní àwọ̀. Ẹ má wọ bàtà kan lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra, kí òógùn lè gbẹ nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀dọ̀ aránṣọ

Ẹ mú aṣọ tó bá yín mu jù lọ dání, dípò fọ́tò inú fóònù. Fọ́tò ń sọ bí aṣọ ṣe wà lára ẹlòmíì. Aṣọ yín ń sọ ìwọ̀n tiyín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní íǹṣì: "Ẹnu ẹsẹ̀ mẹ́jọ" dára ju "ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀" lọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dán an wò kí wọ́n tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ àti kí wọ́n tó fi bọ́tìnì sí i. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá àti oṣù Kejìlá kì í ṣe àsìkò tí ẹ ń gbé àtúnṣe ṣòkòtò ọ́fíìsì wá bá wa. A ò ní í fi ojú tó yẹ wò ó, bí a tilẹ̀ fẹ́ràn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí aṣọ ṣe ń pẹ́

Òjò wa kì í ṣe kékeré, aṣọ sì máa ń hu funfun nínú wọ́dúróòbù tó bá pa dé pẹ́. Ẹ yọ náílọ́ọ̀nù tí alágbàfọ̀ fi wé kóòtù kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á; inú rẹ̀ ni ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi kóòtù kọ́ hángà tó nípọn léjìká, kì í ṣe ti wáyà. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan irun àgùntàn tààrà, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ sáàárín, kí ìdí ṣòkòtò má bàa máa dán. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní àárọ̀ tí oòrùn bá yọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù àti fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ sún àwọn hángà kúrò lára ara wọn títí di ọ̀sán.